Ajá ló gé ọmọ mi jẹ, alájá ló jẹ gbèsè

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí, inú ló ń bí mi tí mi ò fi lè jókòó kọ ọ́.

Sátidé kan ni, ìrọ̀lẹ́, ọbẹ̀ wà lórí iná, mo wá rán ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, pé kó sáré ra Maggi wá níwájú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò tíì pé tí mo gbọ́ igbe ẹ̀. Kí n tó débẹ̀ ajá ti padà sínú ọgbà olúwa ẹ̀, géètì wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu bó ṣe máa ń wà, ọmọ wà nílẹ̀, ó di ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún mú nísàlẹ̀ orúnkún, owó Maggi ṣì há sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Nígbà tí mo fi máa ká ọwọ́ ẹ̀ kúrò, ojú eyín mẹ́rin ni mo kà, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan jìn débi pé ẹ̀jẹ̀ ò tiẹ̀ kọ́kọ́ jáde níbẹ̀.

Àwọn èèyàn ti pé jọ. Màmá kan gbé epo pupa dé, ẹlòmíràn ní kí wọ́n lọ gé irun lára ajá yẹn kí wọ́n sun ún kí wọ́n fi dí ojú egbò. Mi ò bá wọn jà, ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn náà ni, àmọ́ mo gbé ọmọ mi lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo mú ọṣẹ ìfọṣọ, mo tan aago fóònù sílẹ̀, mo fọ ojú egbò yẹn fún ìṣẹ́jú 15 gbáko lábẹ́ omi tó ń ṣàn. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ ò bá rántí nǹkan míì nínú ohun tí mo kọ, ẹ rántí ọṣẹ àti omi yẹn. Ó ń ké, mo ń fọ̀ ọ́. Ó wá dákẹ́ lójijì, ó wojú mi, ó ní, "Mọ́mì, ṣé mo máa bẹ̀rẹ̀ sí gbó ni?" Mo ní rárá o, olúwa mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n, torí mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní dìgbòlugi, mo sì mọ̀ pé tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí hàn lára èèyàn, ẹni tó ń là á já ò wọ́pọ̀ rárá. Kó tó hàn ni wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ ẹ̀.

Ọsibítù àkọ́kọ́ ò ní abẹ́rẹ́ yẹn nílẹ̀. Ìkejì, lódìkejì Ìbàdàn, ló ní in. Nọ́ọ̀sì ka ọjọ́ fún mi: òní, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje, ọjọ́ kẹrìnlá, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nítorí pé egbò yẹn jìn, òmíràn wà tí wọ́n máa gún yí ojú ẹ̀ ká, ìyẹn sì wọ́n ju gbogbo ìyókù lọ. Owó tó yẹ ká fi san ilé ìwé ló lọ sí i lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni bàbá tó ni ajá wá sílé wa. Àgbàlagbà ni wọ́n, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní kí n má bínú, Bingo kì í gé èèyàn jẹ, pé ọmọ náà ló ń sáré. Wọ́n wá na owó díẹ̀ sí mi, owó tí ò tó abẹ́rẹ́ ẹyọ kan, wọ́n ní kí n fi ra mílíìkì fún un. Àwọn àgbà àdúgbò bá dá sí i pé aládùúgbò ni wá, pé ajá ò ní làákàyè, pé kí n fi í fún Ọlọ́run. Mo ti fi í fún Ọlọ́run tipẹ́, àmọ́ ọsibítù ò gba Ọlọ́run níye owó, ọwọ́ mi ni wọ́n ti gbà á.

Ohun tó ká mi lára jù nìyẹn. Ní àdúgbò wa, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń parí ọ̀rọ̀ ajá. Tí mọ́tò yín bá kọ lu ògiri ẹnìkan ẹ máa tún un mọ, tí ewúrẹ́ yín bá jẹ iṣu ẹnìkan ẹ máa san án, ṣùgbọ́n tí ajá yín bá fa ọmọ ọlọ́mọ ya, "ẹ má bínú" ti tó, wọ́n á tún máa wo ìyá ọmọ bí ẹni tó fẹ́ràn wàhálà tó bá béèrè owó abẹ́rẹ́.

Àbúrò ọkọ mi kan, lọ́yà ni, mo pè é. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí yà mí lẹ́nu. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ajá yẹn ti gé ẹnìkan jẹ rí, àti pé ṣé alájá mọ̀?" Mo rántí pé lójú ibẹ̀ gan-an, bí mo ṣe gbé ọmọ lọ́wọ́, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì sọ pé, "Wọ́n tún ti dé nìyẹn, òun náà ló fa síkẹ́ẹ̀tì ọmọ mi ya lọ́dún tó kọjá, mo sì lọ bá bàbá yẹn nílé." Àbúrò ọkọ mi ní kí n lọ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ kí n gba nọ́ńbà obìnrin náà kíákíá. Ó ní ẹ̀rí tí kóòtù ń wá gan-an nìyẹn.

Òfin tí a bá lọ́wọ́ àwọn òyìnbó ni, scienter ni wọ́n ń pè é. Bí ẹran kan bá jẹ́ ẹran igbó, bíi kìnnìún tàbí ọ̀bọ, ẹni tó sìn ín ló ni gbogbo ohun tó bá ṣe, wọn ò ní bi í bóyá ó mọ̀. Ẹran ilé, bíi ajá, ló ní ti ẹ̀ lọ́tọ̀: o gbọ́dọ̀ fi hàn pé alájá mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹran òun ní ìwà burúkú yẹn lára. Àwọn èèyàn á wá sọ pé òfin fún ajá láyè láti gé ẹnìkan jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Irọ́ ni. Ajá ò nílò láti ti gé ẹnikẹ́ni jẹ rí, tó bá ti máa ń fẹ́ kọlu èèyàn lójú olúwa ẹ̀, mímọ̀ ni ìyẹn. Àti pé kódà kí alájá má mọ nǹkan kan, ọ̀nà kejì wà, ìyẹn àìbìkítà: o fi géètì sílẹ̀ láìtì, o ò so ajá, ọmọdé ń kọjá níwájú ilé ẹ lójoojúmọ́, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Ẹ wá wo pátákó "Beware of Dogs" tí gbogbo wa ń rí lára géètì. Ọ̀pọ̀ alájá rò pé ó ti yọ àwọn nínú ẹjọ́. Ẹni tó fo fẹ́ńsì wọlé lóru lè má rí nǹkan kan sọ o, ìyẹn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kọjá lójú títì ò wọ ilé ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pátákó yẹn lè di ẹlẹ́rìí lòdì sí olúwa ẹ̀, torí ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi kọ ọ́ pé òun mọ̀. Ti bàbá wa yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ ọ́, lára géètì àti lára ògiri.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá náà wà ńbẹ̀. Abala 343 nínú Criminal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn wa, sọ pé ẹni tí ò bá ṣọ́ ewu tó ṣeé rí tẹ́lẹ̀ lára ẹran tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, débi tó fi lè pa ẹlòmíràn lára, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìjọba ìbílẹ̀ náà ò ráyè sọ pé kò kan àwọn: ìwé òfin ọdún 1999, nínú àfikún kẹrin, ọwọ́ wọn ló fi àkóso ẹran ọ̀sìn inú ilé àti ìrìn wọn sí. Ẹ̀yin ẹ bi ara yín, ìgbà wo lẹ rí òṣìṣẹ́ káńsù tó béèrè ìwé ajá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Owó ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n mọ̀ ọ́n gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ní tọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Dangerous Dogs Act, òfin wọn lórí ajá eléwu, ti wà láti 1991, láti 2014 sì ni ní England àti Wales ó ti kan inú ilé alájá fúnra ẹ̀, kì í ṣe ìta nìkan. Tí ajá tí ò ṣeé ṣàkóso bá ṣe èèyàn léṣe, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún 5, tó bá pa èèyàn, ó lè tó 14. XL Bully, irú ajá ńlá kan, láti oṣù kejì 2024, kò sẹ́ni tó lè ní in níbẹ̀ láìní ìwé àṣẹ, níta ẹ sì gbọ́dọ̀ so ó kẹ́ ẹ dí i lẹ́nu, kẹ́ ẹ sì ra ìnṣọ́ránsì tó máa san fún ẹni tó bá ṣe léṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún tẹ́ ẹ ń bá ọ̀rẹ́ mú ajá dání, ẹ wádìí ẹ̀ dáadáa.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé èmi ni mo máa wá gbèjà ajá yẹn. Ọjọ́ kejì ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní káwọn pa á, àwọn míì ní kí bàbá tà á fún àwọn tó ń jẹ ẹ́. Mo pariwo. Dókítà ẹran ti sọ fún mi pé ọjọ́ 10 ni wọ́n ń fi wo ajá tó gé èèyàn jẹ. Tó bá fi wà láàyè tí ara ẹ̀ dá, kò ní dìgbòlugi nínú itọ́ lọ́jọ́ tó gé e jẹ. Ìwé abẹ́rẹ́ Bingo wà lóòótọ́, àmọ́ ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n ti fọwọ́ sí i kẹ́yìn. Wọ́n wá so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò, láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń lọ dúró lẹ́yìn géètì wò ó bóyá ó jẹun. Ẹ̀bà àná ni wọ́n máa ń fún un. Mo máa ń wo ẹnu ẹ̀, mo máa ń wò ó tó bá ń mu omi, tó bá ti gbé e mì ni mo tó ń mí. Ọjọ́ kẹwàá, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá abọ́.

Àbúrò ọkọ mi ló kọ ìwé tí bàbá fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí méjì: gbogbo iye tó wà lórí rìsíìtì, ọjọ́ tí wọ́n máa san apá kọ̀ọ̀kan, àti pé wọ́n máa tún géètì ṣe. Ó ní tó bá ti wà lórí ìwé báyẹn, gbèsè lásán ni, kò tún sí pé ta ló sáré, ta ni ò sáré. Ẹ tọ́jú rìsíìtì o, kẹ́ ẹ ya fọ́tò egbò lójúmọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ ya géètì tó ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ti san ìdá méjì nínú mẹ́ta. Èyí tó kù, mo ní kí wọ́n fi í di ìparí oṣù. Àwọn kan ò kí mi mọ́ ní àdúgbò, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Egbò ti jiná, ojú ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀. Ajá wà lórí ṣéènì báyìí lọ́sàn-án. Tí èmi àti ọmọ mi bá ń kọjá níbẹ̀, tó bá ti gbọ́ ìró ṣéènì yẹn, á dúró, á na ọwọ́ sí mi, màá dì í mú, a ó jọ kọjá.