Ẹyọ kan péré ni kó já bọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó gbígbà ló le jù nínú vending machine, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tajà fúnra ẹ̀ téèyàn bá ti sọ owó sí i, irọ́ ni jàre, ìyẹn ti yanjú tipẹ́. Hero ará Alẹkisáńdíríà ti ṣàlàyé ọ̀kan ní nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, èyí tó ń bu omi mímọ́ fáwọn tó wá sí tẹ́ńpìlì: tó o bá sọ owó ẹyọ sí i, á bọ́ sórí irin pẹlẹbẹ kan, ìwúwo ẹ̀ á tẹ irin yẹn wálẹ̀, ojú omi á ṣí, tí owó bá ti yọ̀ bọ́, omi á dá. Ṣùgbọ́n omi nìyẹn o, omi kì í há sọ́nà. Wá gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú súwítì, bọ́tìnì tàbí yẹtí, ojú ẹ á rí màbo, torí ohun tó o fẹ́ ni pé kí ẹyọ kan bọ́, kó má jẹ́ méjì, kó má sì jẹ́ òfo, lójoojúmọ́, láìsí ẹnì kankan nítòsí tó máa fọwọ́ gbá a.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹ̀rọ ṣingọ́ọ̀mù àtijọ́ yẹn, olórí gíláàsì róbótó. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ NEPA ò kàn án rárá. Nísàlẹ̀ gíláàsì yẹn, àwo irin kan wà tí wọ́n lu ihò sí yíká, ihò kọ̀ọ̀kan gba ẹyọ kan. Tó o bá yí ọwọ́ ẹ̀, àwo á yí, ihò tó ti gbé ṣingọ́ọ̀mù á dé ibi tó ń gbà jáde, ó bọ́ nìyẹn. Kó tó débẹ̀ ṣá, á kọ́kọ́ gba abẹ́ burọ́ọ̀ṣì tàbí irin pẹlẹbẹ kan tó máa gbá èyí tó bá jókòó lé e lórí sẹ́yìn. Ẹ wò ó, kò sí nǹkan tó ń kà á, ihò yẹn gan-an ni ìṣirò. Tó bá fẹ̀ jù, méjì á fún ara wọn mọ́ ọn, tó bá sì jìn ju bó ṣe yẹ lọ, èkejì á wọlé ààbọ̀, irin á gé e sí méjì, gbogbo ẹ̀ á wá dúró gbagidi.

Wàhálà míì wà lókè, níbi tí wọ́n kó ọjà sí. Nǹkan kéékèèké tó ń gba ẹnu tóóró máa ń ṣe bí èrò tó ń jà wọ dánfó nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn á fi èjìká ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan ò ní wọlé. Àwọn tó ń ṣèwádìí ẹ̀ rí i pé tí ẹnu ọ̀nà bá ti fẹ̀ tó nǹkan bíi ìlọ́po márùn-ún ẹyọ kan sókè, nǹkan róbótó kì í sábà há mọ́. Ó dáa, ihò tó yẹ kó gba ẹyọ kan ṣoṣo wá ńkọ́? Ohun tí wọ́n ṣe ni pé àwo yẹn fúnra ẹ̀ ló ń rú ọjà tó wà lórí ẹ̀ bó ṣe ń yí, àwọn míì tiẹ̀ fi wáyà kan sí i tó yọ sókè láti máa tú wọn ká. Súwítì tó bá ti gba ọ̀rinrin, tó ti lẹ̀ mọ́ra, ìyẹn kọjá agbára wáyà o.

Àwọn ńlá onígíláàsì tó wà ní pápákọ̀ òfurufú, tí wáyà lílọ́ wà nínú wọn, ìyẹn tún yàtọ̀. Ọjà jókòó sáàárín ìlọ́ méjì, motor á yí wáyà lẹ́ẹ̀kan gbáko, èyí tó wà níwájú á bọ́, switch kan lẹ́yìn á sì pa motor. Àmọ́ gbogbo ohun tí switch mọ̀ ò ju pé wáyà ti yí lọ, kò mọ̀ bóyá ọjà bọ́ tàbí ó fi etí kan kọ́ sẹ́nu wáyà tó ń wò ẹ́ látẹ̀yìn gíláàsì. Bí ọjà bá ṣe kéré sí ni ọ̀rọ̀ ń burú sí, torí tí àlàfo wáyà bá fẹ̀ jù ú lọ, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta iná infrared tí ojú ò lè rí dábùú ibi tí ọjà ń bọ́ sí, tí nǹkan ò bá gé iná yẹn, ẹ̀rọ á tún wáyà yí díẹ̀ sí i, tàbí kó dá owó padà. Mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n nǹkan tín-ín-rín bíi káàdì lè yọ́ gba àárín iná kọjá, àtipé sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ iná yẹn kì í tún wáyà ṣe, ó kàn ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ìpá oníbàárà ni.

Lójú tèmi, ọjà ló yẹ kéèyàn múra fún, kì í ṣe ẹ̀rọ. Àwọn ará Jàpáàn tó ń ta gashapon, ìyẹn ohun ìṣeré inú ike tí ẹ̀rọ ń tà, tí ilé iṣẹ́ Bandai ti wà nídìí ẹ̀ láti 1977, ọmọláńgidi ni o, ìkọ́ kọ́kọ́rọ́ ni o, inú ike róbótó ni wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ sí, ẹ̀rọ ò mọ̀ ju ike lọ. Ní Winston-Salem, North Carolina, Clark Whittington mú ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó ń ta sìgá lọ́dún 1997, ó fi ń ta iṣẹ́ ọnà, wọ́n ń pè é ní Art-o-mat báyìí. Nínú ẹ̀rọ yẹn, páálí tò léra wọn, tó o bá fa ọwọ́ ẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á jáde, ìyókù á wálẹ̀ fúnra wọn. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ló wá ń ṣe iṣẹ́ wọn mọ ìwọ̀n páálí sìgá. Torí náà, tó bá jẹ́ yẹtí lo fẹ́ tà, fi gbogbo ẹ̀ sí páálí kan náà, kó ní igun, kó sì wúwo díẹ̀, èyí tó fúyẹ́ jù kì í fẹ́ wálẹ̀.

Tó o bá ń dán ẹ̀rọ oníhò bíi ti ṣingọ́ọ̀mù wò, má fi kìkì ẹ̀rọ tó kún dán an wò. Tó bá kún, ìwúwo tòkè ń ti tìsàlẹ̀ wálẹ̀, gbogbo ẹ̀ á máa lọ geere. Àwọn díẹ̀ tó kẹ́yìn ni kó o ṣọ́, nígbà tí kò sí nǹkan tó ń tì wọ́n mọ́, tí wọ́n á máa sá yí ihò ká, oníbàárà á yí ọwọ́, òfo. Jẹ́ kí ìsàlẹ̀ gíláàsì dà gẹ̀rẹ́ sójú ihò, tàbí kó o kàn máa kún un kó tó débẹ̀.