Àyẹ̀wò ọdún: mo fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ mi ò tíì gbọ́

Ẹ má bi mí léèrè oṣù kẹta tàbí oṣù kẹjọ, n kò rántí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló jẹ gbogbo ọdún yìí mọ́ mi lọ́wọ́: ọjọ́ tí mo kó kọ́kọ́rọ́ alùpùpù, ìwé àbẹ̀wò àti okùn ìwọnlẹ̀ lé ọ̀gá lọ́wọ́, tí mo gba ìwé ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ àgíríìkì, ìyẹn iṣẹ́ ká máa bẹ àwọn àgbẹ̀ wò lóko, ká sì máa tọ́ wọn sọ́nà.

Ètò "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti Àbẹ̀wò" ni wọ́n fi tọ́ èmi, èyí tí Daniel Benor àti Báńkì Àgbáyé gbé kiri láti àwọn ọdún 1970: ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ọjọ́ kan náà, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan náà. Báńkì ti pa á tì tipẹ́, wọn ò kàn sọ fún ẹsẹ̀ mi ni. Bí ọjọ́ àbẹ̀wò bá pé, mo ti wọ bàtà òjò kí n tó rántí pé n kò lọ síbì kan. Ìyàwó mi ní bí ara bá ń yún mi, kí n lọ bẹ àwọn àwo tí a kò tíì fọ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàbá Mo-Mọ̀-Ọ́n, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ tí mo ń bẹ̀ wò. Mo lè ta okùn títí, kí n ní sẹ̀ǹtímítà 75 láti ìlà sí ìlà, 25 láti igi àgbàdo sí igi, ẹyọ kan nínú ihò, kí igi lè lé ní 53,000 lórí hẹ́kítà kan. Wọ́n á ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Àgíríìkì, bí àparò bá hú ẹyọ kan yẹn ńkọ́?" Wọ́n á sọ mẹ́ta sínú ihò.

Ní 2016 tí kòkòrò fall armyworm ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wọ Áfíríkà, ọkàn àgbàdo, níbi tí ewé ti ká mọ́ra, ló ń sá pamọ́ sí, oògùn kì í sì í sábà bá a níbẹ̀. Mo dúró sínú oko láìní ìwé kankan lọ́wọ́. Bàbá bu iyẹ̀pẹ̀, wọ́n dà á síbẹ̀, kòkòrò kú. Nígbà tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí rẹ̀ ní 2018, iyẹ̀pẹ̀ àti eérú wà nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ hàn wọ́n. Ẹ mọ ohun tí wọ́n wí.

Bàbá ò dé ibi ìdágbére mi. Àwọn èèyàn yìn mí, wọ́n yìn mí lọ́jọ́ náà, kò sí ẹnì kan tó já wọn nírọ́. N kò mọ̀ pé ìyìn lè dun èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ alùpùpù.

Ó dàgbà ju ọ̀dọ́mọbìnrin tó gba ipò mi lọ. Mo dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ méjèèjì bá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ọmọ náà ní fídíò lòun yóò máa fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo fẹ́ yọ ṣùtì, àfi bí àgbẹ̀ kan ṣe ya àwòrán ewé ìsàlẹ̀ tó ń pọ́n láti ṣóńṣó wá sí àárín, tó fi ránṣẹ́ sí i lóru. Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé nàìtírójìn ló dín kù. Ọmọ náà gbà á! Èmi a máa sùn lóru. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé agbègbè tèmi nìkan kọ́ ni wọ́n dì rù ú. Ti àwọn tó fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tí wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá fìdí múlẹ̀, n ó dá oko àgbàdo tèmi. Àwọn àgbẹ̀ ti gbọ́. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì làwọn yóò máa wá bẹ̀ mí wò, tàwọn ti ìwé àti bírò. Mo ti ń wá oko tó jìnnà sọ́nà.