Ìyẹ́ Adìẹ Lọ́wọ́ Màmá Mahlangu

Iṣẹ́ híhun ìtàgbè, aṣọ awo àwọn Òṣùgbó, ni ìyá tí ó bí ìyá mi fi tọ́ ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú gbogbo aṣọ tí wọ́n hun fún àwọn Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kò sí ọ̀kan tí mo lè tọ́ka sí lónìí pé ọwọ́ wọn ni ó ti jáde. Ìdí nìyí tí ìtàn Màmá Esther Mahlangu, ayàwòrán ọmọ Ndebele ní Gúúsù Áfíríkà, fi wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ọdún 1935 ni a bí Màmá nítòsí Middelburg. Ọmọ ọdún 10 ni wọ́n nígbà tí ìyá wọn àti ìyá àgbà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ògiri kíkùn, nítorí pé obìnrin ni ó ni iṣẹ́ náà láàárín àwọn Ndebele. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń fa ìlà; wọn kì í lo rúlà, wọn kì í sì í kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù ya ohun tí wọ́n fẹ́ kùn, síbẹ̀ igun kan ń bá èkejì dọ́gba. Èyí kò ṣàjèjì sí mi, nítorí ìyá àgbà mi náà a máa ka òwú lọ́kàn, láìsí àwòrán kankan níwájú wọn, títí ọnà ọ̀nì yóò fi yọ lára aṣọ. Ní 1989, Màmá kun ilé kan sí ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní Paris. Ní 1991, wọ́n kun ọkọ̀ BMW kan, àwọn sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ náà gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún. Wọ́n ń kọ orúkọ wọn sí ara àwòrán wọn.

Orúkọ oníṣẹ́ ọnà kò sọnù ní Tengenenge ní Zimbabwe náà, níbi tí àìrọ́jàtà ti bí iṣẹ́ ọnà. Nígbà tí a fòfin de ọjà Rhodesia (orúkọ Zimbabwe nígbà náà) lẹ́yìn 1965, tábà Tom Blomefield, àgbẹ̀ tí ó ni oko níbẹ̀, kùtà, ni ó bá gba àwọn òṣìṣẹ́ oko rẹ̀ níyànjú láti máa gbẹ́ òkúta tí ó wà lórí ilẹ̀ náà. Bernard Matemera, tí ó ń wa katakata tẹ́lẹ̀, di agbẹ́kùúta tí a mọ̀ dé òkè òkun.

Àbúrò ìyá mi ṣì ń hun ìtàgbè. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi òwú pupa kọ orúkọ wọn sí ìṣẹ́tí aṣọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn àgbà kò ní fẹ́ lẹ́tà lórí ohun awo, mo sì gbà. Ìwé kékeré kan ni a wá rà, níbi tí a ti ń kọ ọjọ́, irú ọnà àti ẹni tí ó hun aṣọ kọ̀ọ̀kan sí. Aṣọ mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀.