Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí nínú ibojì ní New York

Èmi àti àǹtí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní African Burial Ground, ibi ìsìnkú àtijọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní Manhattan, ní New York ni. Ara mi ò tíì balẹ̀.

Ọdún 1991 ni wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ìjọba níbẹ̀, ni wọ́n bá kan eegun àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú. Wọ́n hú eegun èèyàn 419 jáde kí àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà tó fàáké kọ́rí, tí iṣẹ́ fi dúró. Michael Blakey, onímọ̀ nípa ẹ̀dá èèyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Howard University ló yẹ àwọn eegun náà wò.

Ẹni tí wọ́n pè ní nọ́ńbà 340 ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Obìnrin ni. Wọ́n ti gbẹ́ eyín rẹ̀ dárà. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 100 sì wà ní ìdí rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ẹ̀yin èèyàn mi! Nínú oko ẹrú! Àǹtí mi ní, "Àwọn tó sin ín ò bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀." Omi bọ́ lójú mi.

Oṣù Kẹwàá 2003 ni wọ́n tún gbogbo wọn sin, nínú pósí tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ní Gánà. Òkìtì méje tí koríko bò ló wà lórí wọn báyìí. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n dá wọn padà sílẹ̀ tó gbà wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí, ṣé ẹ ti débẹ̀? Ẹ̀yin obìnrin, ta ló kọ́kọ́ sín ìlẹ̀kẹ̀ sí yín ní ìdí?