Wọ́n gé ìdí ṣòkòtò ọba

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ni mo sì ti pẹ́ sí jù. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ogun fún mi, ọ̀rọ̀ àsíá ọba kì í wọ̀ mí létí. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n jẹ, ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí, àti ẹni tó ń wẹ egbò wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Jean de Joinville ju gbogbo àwọn yòókù tí Ogun Àgbélébùú, ìyẹn ogun tí àwọn Kristẹni láti Yúróòpù lọ bá àwọn Mùsùlùmí jà ní Ìlà Oòrùn, ṣojú wọn tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìjòyè ilẹ̀ Faransé ni. Ó bá Ọba Louis Kẹsàn-án lọ sógun ní 1248. Wọ́n gba Damietta ní Íjíbítì ní 1249, àmọ́ nígbà tó fi máa di 1250, nǹkan ti dojú rú fún wọn ní Mansurah, ní Íjíbítì kan náà. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún kó tó parí ìwé rẹ̀ ní 1309, wọ́n sì ti sọ ọba yẹn di ẹni mímọ́ láti 1297. Ẹ ó rò pé ìyìn nìkan ló máa kún inú ìwé náà. Rárá o! Joinville ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ṣe ọba débi pé wọ́n ní láti gé ìdí ṣòkòtò rẹ̀ sọnù. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn tí ìgbẹ́ ń dà lára rẹ̀ mọ̀ pé èèyàn kì í jókòó sílé hùmọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun ńkọ́? Ó ní ẹran ẹsẹ̀ àwọn gbẹ, awọ ẹsẹ̀ sì ń ní àbààwọ́n dúdú bíi bàtà tó ti gbó. Èrìgì jẹrà, àwọn onígbàjámọ̀ sì ń gé ẹran tó ti kú níbẹ̀ kí aláìsàn tó lè jẹun. Ó ní igbe wọn dà bíi ti obìnrin tó ń rọbí. Bí imú bá ti ń ṣẹ̀jẹ̀, ikú ti dé nìyẹn. Ẹja ló di ẹ̀bi náà rù: àsìkò ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni, irú ẹja kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí jẹ, ẹja ọ̀hún sì ń jẹ òkú èèyàn nínú odò. Èmi mọ̀ pé àìsí èso àti ẹ̀fọ́ tútù ni, fítámì C ló tán lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe to àwọn àmì yẹn. Kò mọ ohun tó fà á, àmọ́ ohun tó rí kò rújú rárá.

Ibì kan wà tí mo kà ní àkàtúnkà. Àìsàn ti dá Joinville dùbúlẹ̀, àlùfáà rẹ̀ ń ṣe Máàsì níwájú ibùsùn rẹ̀, ara òun náà ò sì yá. Bó ṣe dé ibi ìyàsímímọ́ ló dákú. Joinville fò dìde láìwọ bàtà, ó gbá a mú, ó ní kó rọra máa ṣe é lọ, kó parí rẹ̀. Ọkùnrin náà ta jí, ó parí Máàsì náà, kò sì ṣe òmíràn mọ́ láyé. Gbólóhùn yẹn nìkan ló fi sin ín.

Ẹ wá gbọ́ ti Raymond ti Aguilers, àlùfáà tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ 15 oṣù Keje 1099. Ó ní ẹ̀jẹ̀ dé orúnkún àwọn tó ń gẹṣin, ó sì dé ìjánu ẹṣin wọn. Ẹ̀jẹ̀ ara àgbàlagbà kan ò ju bíi lítà 5 lọ, bó bá sì ti dà sílẹ̀, kì í pẹ́ dì. Mo mọ ibi tí bàbá yìí ti rí ìjánu ẹṣin: Ìfihàn orí 14, ẹsẹ 20. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o, wọ́n pa Mùsùlùmí àti Júù nípakúpa lọ́jọ́ yẹn. Fulcher ti Chartres, àlùfáà mìíràn tó kọ ìtàn ogun náà, ò débẹ̀ títí di oṣù Kejìlá, síbẹ̀ òkú ṣì ń rùn yí odi ìlú ká. Òórùn yẹn ni mo gbà ní tèmi.

Usama ibn Munqidh, Mùsùlùmí ará Shaizar ní Síríà, ló ni ìtàn tí gbogbo èèyàn mọ̀: oníṣègùn àwọn Fráńkì, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ará Yúróòpù tó wá jagun, ní kí wọ́n fi àáké gé ẹsẹ̀ ajagun kan tí eéwo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ajagun náà sì kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ rántí pé wọ́n sọ ọ́ fún Usama ni, kò ṣojú rẹ̀. Èyí tí àwọn èèyàn kì í sọ ni pé òun kan náà ló kọ ọ́ pé oníṣègùn Fráńkì mìíràn fi ọtí kíkan wẹ ẹsẹ̀ kan tó ti di egbò káàkiri, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì jinná. Ọ̀tá rẹ̀ ni wọ́n, ó sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn.

Joinville náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní òun ń gbọ̀n, ìbẹ̀rù ń gbọ̀n òun, àìsàn náà ń gbọ̀n òun. Eéwo wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, bó bá mumi, ihò imú ló ń gbà jáde. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń sunkún. Ọ̀kan nínú àwọn Mùsùlùmí tó mú un ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun á fún un ní nǹkan mu, láàárín ọjọ́ méjì ara rẹ̀ á yá. Ó mu ún, ara rẹ̀ sì yá. Gbogbo nǹkan ni Joinville máa ń sọ, àmọ́ kò sọ ohun tó wà nínú ife yẹn, ó sì ń dùn mí títí di báyìí.