Èkó sí Salvador: Kìlómítà 5,000 Tó Di 15,000

Bí ẹyẹ bá gbéra ní Ìkẹjà, tó forí lé Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíl, kò ní fò ju nǹkan bíi kìlómítà 5,100 lọ. Bí Èkó ṣe jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù náà nìyẹn, bàálù Lọ́ńdọ̀nù kì í sì í ju wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lọ. Àmọ́ èmi kì í ṣe ẹyẹ, kò sì sí bàálù tó ń ti Èkó lọ síbẹ̀ tààrà.

Lisbon ni mo kọ́kọ́ fọkàn sí, torí bàálù ń ti ibẹ̀ lọ sí Salvador láìyà síbì kankan. Ìwé ìrìnnà wa ni kò jẹ́. Ọmọ Nàìjíríà tí kò ní físà ìlú òyìnbó kankan lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gba físà kó tó lè pààrọ̀ bàálù níbẹ̀, kódà bí kò bá ní jáde ní pápákọ̀ òfurufú. Físà tí màá fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì! Mo gba Addis Ababa ní Ethiopia.

Ìwọ̀-oòrùn ni Bràsíl wà, ìlà-oòrùn ni Addis. Ẹ̀yìn la kọ sí ibi tí à ń lọ fún bíi wákàtí márùn-ún, kìlómítà 3,900. Addis la sùn.

Bàálù São Paulo gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Máàpù tó wà níwájú àga mi ni mo fi ṣe sinimá. A fo Congo kọjá, a bọ́ sórí òkun Àtìláńtíìkì, ó sì tó bíi wákàtí márùn-ún kí n tó rí i pé Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ọ̀gangan wa, ní àríwá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè àná tán ni! Ará Ìbàdàn tó jókòó tì mí wo máàpù náà títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n sọ̀ wá kalẹ̀, ká sáré lọ jẹ àmàlà."

Oòrùn là ń lé lọ, nítorí náà ọ̀sán kò tán. Lẹ́yìn wákàtí 12 ó lé, ojúmọ́ ṣì wà nígbà tí a balẹ̀ sí Guarulhos, pápákọ̀ òfurufú São Paulo. Aago Addis fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú tiwọn. Ibẹ̀ lẹ ó ti gba ẹrù yín, tí ẹ ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ tó tún gbé e fún bàálù abẹ́lé. Ẹni tó bá fi wákàtí kan péré sáàárín bàálù méjèèjì ń wá wàhálà. Ó tún ku kìlómítà 1,450 kí n tó dé Salvador. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 15,000.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi ń ná Bahia sí Èkó tààrà. Òun ló gbé ọ̀pọ̀ àwọn Àgùdà tó kọ́ ilé sí Campos ní Èkó padà wálé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Nàìjíríà àti Bràsíl fọwọ́ sí àdéhùn ìrìnnà òfurufú ní Brasília, Èkó sí São Paulo tààrà sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ìyẹn kò ní ju bíi kìlómítà 6,400 lọ, bíi wákàtí mẹ́jọ. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, màá tún lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ mi tó wú kò tíì gbà.