₦200 mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn

Ìsọ̀ kọfí kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Àga mẹ́fà péré, kò sí méjì tó jọra. Páálí ni wọ́n fi ti ẹsẹ̀ ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n tó ni ibẹ̀, ọmọ Kábbà ni. Kọfí rọ̀bọ́sítà tiwọn lọ́hùn-ún, èyí tó máa ń korò gan-an yẹn, ló ń yan fúnra rẹ̀ nínú ìkòkò irin. Òórùn rẹ̀ ló máa ń fà mí láti títì.

Láàárọ̀ yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni NEPA mú iná. Ẹ̀gbọ́n fa jẹnẹrétọ̀ títí, ó kọ̀. Ló bá gbé omi ka sítóòfù. Ìṣẹ́jú 40! Nígbà tí ife máa fi dé, ṣúgà ti wà nínú ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní kẹ́ ẹ má fi ṣúgà sí i o."

"Àbúrò, o ti rù jù. Mu ún bẹ́ẹ̀."

(Wàífáì ńkọ́? Páswọ́ọ̀dù ẹ̀ wà lára ògiri. Wàífáì gan-an ni mi ò tíì rí.)

Mo mu ún tán, mo tún fi ìka nu ìdí ife. Kò wá sí ṣéńjì. Ó ní kí n padà wá gba ₦200 mi lọ́la. Bó ṣe máa ń rí mi mú nìyẹn.